Lourdes Portillo àti àwọn tó dàwátì: kí ni iṣẹ́ tó fi kámẹ́rà ṣe gan-an?

Lourdes Portillo kú ní San Francisco ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 80. Orúkọ tí wọ́n ń fi pè é pọ̀, wọn kò sì bára mu. Ẹnì kan á ní ọmọ Mẹ́síkò ni, ẹlòmíràn á ní ọmọ Amẹ́ríkà ni. Àwọn kan ní onífíìmù ni, àwọn kan ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ni. Ẹni tí kò bá tíì wo iṣẹ́ rẹ̀ rí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Kò sí gbajúmọ̀ òṣèré nínú àwọn fíìmù tó gbé e jáde, wọn kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń tò lọ wò ní sinimá lọ́jọ́ ọdún. Síbẹ̀, Amẹ́ríkà kó ọ̀kan nínú wọn pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní orílẹ̀-èdè.

Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún irú fíìmù yìí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé fíìmù kan dá lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ, wọ́n á rò pé ìwàásù ló kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá wo Portillo á rí i pé obìnrin yìí kì í sábà sọ ohun tó yẹ ká rò fún wa. Ó máa ń jókòó ti ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, á sì jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀ tán.

Ọmọ ibo ni, kí sì ni Chicana?

Látìn Amẹ́ríkà ni gbogbo ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ́síkò títí lọ dé Ajẹntínà, pẹ̀lú erékùṣù bíi Kúbà. Èdè Sípéènì tàbí ti Potogí ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀. Obìnrin tó bá ti ibẹ̀ wá gbé Amẹ́ríkà, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, ni wọ́n ń pè ní Látínà. Chicana jẹ́ ti àwọn tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò nìkan, àwọn tó sì ń jẹ́ ẹ náà ń fi yangàn ni. Orúkọ náà gbilẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1960 síwájú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ oko àti akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Mẹ́síkò ní California àti Texas dìde láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Portillo pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Chihuahua, ní àríwá Mẹ́síkò, ni wọ́n bí i sí ní 1943. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Los Angeles. Torí náà, ẹni tó pè é ní ọmọ Mẹ́síkò kò purọ́, ẹni tó pè é ní ọmọ Amẹ́ríkà náà kò purọ́. Ọmọ ọdún 13 ti gbọ́n tó láti rántí ilé, kò sì tíì dàgbà kọjá kó kọ́ èdè tuntun. Èdè méjèèjì ló fi ṣiṣẹ́ títí tó fi kú.

Kí ló yàtọ̀ láàárín fíìmù rẹ̀ àti ìròyìn tẹlifíṣọ̀n?

Dọkumẹ́ńtárì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Dọkumẹ́ńtárì ni fíìmù tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òṣèré: orúkọ wọn ni wọ́n ń jẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni wọ́n ń sọ. Ìyẹn kò wá ní kí olùdarí kàn gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa wò. Òun ló ń yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, òun ló ń pinnu èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò yọ kúrò. Bí olùdarí méjì bá gba ìlú kan náà lọ lọ́jọ́ kan náà, fíìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa gbé bọ̀.

Ẹ fojú ilé ọ̀fọ̀ wò ó. Akọ̀ròyìn dà bí ẹni tó yà síbẹ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ó kí wọn pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ, torí ilé ọ̀fọ̀ mìíràn ń dúró dè é. Kò ṣe ohun tó burú, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe irú fíìmù tí Portillo ń ṣe ni ẹni tó sun ibẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àlejò tán nílé, nígbà tí ìyá tó ti ń sọ láti àárọ̀ pé "a dúpẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀" bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an.

Báwo ló ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà?

Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Hollywood pè é kó wá ran òun lọ́wọ́ lórí dọkumẹ́ńtárì kan. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun máa ṣe nìyẹn. Ó kó lọ sí San Francisco, ó kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ó sì tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀.

Fíìmù tó kọ́kọ́ darí, tí òun àti Nina Serrano jọ ṣe ní 1979, kì í ṣe dọkumẹ́ńtárì rárá. Ìtàn àròsọ kékeré ni, nípa obìnrin Nikarágúà kan tó wá gbé San Francisco lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì tó sì ba Managua jẹ́ ní ìparí 1972. Ní 1979 yẹn gan-an ni wọ́n lé Ààrẹ Somoza kúrò lórí oyè ní Nikarágúà, ogun àti ìbọn sì ni gbogbo ayé ń rí. Portillo ń wo obìnrin tó sá wá síbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni: bó ṣe ń wá owó tirẹ̀, bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe dé láti ilé tòun ti ìṣèlú ilé, àti bí àwọn méjèèjì kò ṣe rí ayé bákan náà mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti wà lára àwọn tí ìròyìn máa ń fò kọjá.

Ta ni àwọn ìyá Plaza de Mayo?

Fíìmù nípa wọn ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, kò sì lè yé èèyàn bí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ajẹntínà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1976, àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀. Títí wọ́n fi kúrò ní 1983 ni wọ́n ń kó èèyàn: akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́, olùkọ́, akọ̀ròyìn, títí kan aláboyún. Wọn kì í gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Bí ìyá bá lọ bèèrè ọmọ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní àwọn kò mọ ẹni tó ń sọ. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní àwọn tó dàwátì bẹ́ẹ̀ tó 30,000. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba alágbádá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà rí orúkọ tó sún mọ́ 9,000 kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Kí ló dé tí wọn ò kàn pa wọ́n ní gbangba? Bí wọ́n bá pa èèyàn, òkú wà nílẹ̀, sàréè wà, ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́ wà. Bí èèyàn bá dàwátì, kò sí ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè pè. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ, àwọn ológun wọ̀nyí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ìyá kò lè sin ọmọ, kò lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kò sì lè ṣíwọ́ wíwá a. Wọ́n rò pé ẹ̀rù á jẹ́ kó jókòó sílé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1977, ìyá 14 pàdé ní Plaza de Mayo, gbàgede tó wà níwájú ilé ìjọba ní Buenos Aires. Òfin kò gbà kí èèyàn kó ara wọn jọ nígbà yẹn, ni ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n má dúró sójú kan, kí wọ́n máa rìn. Wọ́n bá ń rìn, ní méjì-méjì, yí gbàgede náà po. Ọjọ́bọ̀ di ọjọ́ wọn. Kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀, wọ́n ń wé aṣọ funfun mọ́rí. Ìlédìí ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n jí Azucena Villaflor, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, gbé. Ọdún 2005 ni wọ́n tó dá egungun rẹ̀ mọ̀. Àwọn tó kù kò dúró, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ń bá wọn níbẹ̀.

Portillo àti Susana Blaustein Muñoz, tó jẹ́ ọmọ Ajẹntínà, ló jọ darí fíìmù nípa wọn, Las Madres (Àwọn Ìyá), tó jáde ní 1985. Ìdáhùn nìyẹn fún àwọn tó ń bèèrè ohun tó kan ọmọ Mẹ́síkò nínú ọ̀rọ̀ Ajẹntínà: ẹni tó ni ilé wà nídìí ẹ̀, èdè kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ. Ọdún bíi mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ìyàwó ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn, wọn kò ṣe òṣèlú rí. Fíìmù náà jẹ́ kí wọ́n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ kàn, ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá sọ, bí wọ́n ṣe pàdé ìyá mìíràn lórí ìlà kan náà, tó sì yé wọn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tàwọn nìkan. Nígbà tó fi máa parí, ó ti yé wa bí ìjọba ṣe ń pa èèyàn rẹ́, láìsí ọ̀mọ̀wé kan tó jókòó sídìí tábìlì láti ṣàlàyé fún wa. Wọ́n yàn án fún ẹ̀bùn Oscar ní apá dọkumẹ́ńtárì. Kò gbà á, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Kí ló dé tí fíìmù nípa ẹbí rẹ̀ fi di ohun ìní orílẹ̀-èdè?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè é láti Chihuahua pé arákùnrin ìyá rẹ̀ ti kú. Àwọn aláṣẹ ní ó pa ara rẹ̀ ni. Ẹbí kò gbà. Àwọn kan ń fura sí ìyàwó kejì tó fẹ́, àwọn kan ń fura sí àwọn tó bá a ṣòwò. Portillo gbé kámẹ́rà, ó padà sílé. Fíìmù tó ti ibẹ̀ jáde ní 1994 ni El diablo nunca duerme (Èṣù kì í sùn).

Opó náà kọ̀ láti jókòó síwájú kámẹ́rà, Portillo sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó sì jẹ́ ká gbọ́ ọ bó ṣe rí, pẹ̀lú ìbínú àti ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ó ń fi àwòrán ẹbí hàn, ó ń fi àjákù eré tẹlifíṣọ̀n olólùfẹ́ ilẹ̀ Mẹ́síkò sáàárín, torí bí àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn náà ti jọ eré. Nígbà tí fíìmù náà parí, a kò mọ ẹni tó pa bàbá náà, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni pa á. Inú àwọn kan kì í dùn síyẹn. Mo gbà pé ohun tó dára jù nínú fíìmù náà nìyẹn. Ó jẹ́ ká rí bí òtítọ́ ṣe ń sọnù nínú ẹbí: ìtìjú ń fà á lápá kan, owó ń fà á lápá kejì, ọlọ́pàá sì ti pa fáìlì dé.

Ní 2020, wọ́n fi fíìmù yìí sínú National Film Registry. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú àwọn èèyàn lójú, wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni. Àkọsílẹ̀ ni, òfin 1988 ló sì dá a sílẹ̀. Library of Congress, ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló ń tọ́jú rẹ̀: fíìmù 25 ni wọ́n ń mú lọ́dọọdún, èyí tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, tó sì ṣe pàtàkì nínú àṣà, ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà. Kò sí owó nídìí ẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ìjọba fara mọ́ ohun tí fíìmù náà sọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́, kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ní 2019, ọdún tó ṣáájú, fíìmù Patricia Cardoso, Látínà mìíràn tó wá láti Kòlóńbíà, wọ inú àkọsílẹ̀ kan náà: Real Women Have Curves, nípa ọmọbìnrin kan àti àwọn obìnrin aránṣọ ní ìlà-oòrùn Los Angeles.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Juárez?

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, Señorita Extraviada (Ọ̀dọ́bìnrin tó sọnù) ló nira jù láti wò, òun náà ni mo sì rò pé ó dára jù.

Ciudad Juárez wà ní ìhà Mẹ́síkò, El Paso ti Texas wà ní òdìkejì odò, afárá ló so wọ́n pọ̀. Ó pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní maquiladora ti wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń to ẹ̀yà ara ẹrù pọ̀ fún ọjà Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí àdéhùn òwò láàárín Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n túbọ̀ pọ̀ sí i. Ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n ń gbà jù, wọ́n sì ń ti abúlé àti ìlú jíjìn wá. Owó iṣẹ́ kò tó nǹkan. Àwọn míì ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn míì ń padà lóru, ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì já wọn sí kò ní iná.

Láti 1993 ni wọ́n ti ń rí òkú àwọn ọmọbìnrin ní aṣálẹ̀ ẹ̀yìn ìlú. Nígbà tí Portillo parí Señorita Extraviada ní 2001, iye wọn ti lé ní 200. Bí ìyá bá lọ fẹjọ́ sùn pé ọmọ òun kò wálé, wọ́n á bi í bóyá ọmọ náà kò ti bá ọkùnrin lọ. Àwọn aláṣẹ kan ń dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi pé aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ibi tí wọ́n lọ ló fà á. Wọ́n mú ọkùnrin ará Íjíbítì kan ní 1995, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti tán. Pípa kò dúró. Ní 1999 wọ́n kó àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, wọ́n tún ní ó ti tán. Pípa kò dúró.

Ẹ wo ohun tí Portillo ṣe. Kò fi òkú hàn. Ìwé ìròyìn ti ń fi wọ́n hàn tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń mọ́ àwọn èèyàn lára. Ó ń fi bàtà hàn, ó ń fi aṣọ hàn, ó ń fi àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín hàn, ó sì jẹ́ kí ìyá sọ irú ọmọ tó jẹ́. A rí àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀dà kun òpó iná ìgboro: ọ̀dà píǹkì ní ìsàlẹ̀, àgbélébùú dúdú lórí rẹ̀, kí ìlú má baà gbàgbé. Èmi gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò kí wọ́n tó pa á, kò yẹ kí kámẹ́rà tún bọ́ ọ sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin kan wà nínú fíìmù náà tí ọlọ́pàá ti mú rí, tó ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i ní àhámọ́. Portillo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ. Kò pariwo lé wọn lórí. Ẹni tó ń wò á máa gbọ́ ti ìhín, á gbọ́ ti ọ̀hún, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọn tó yẹ kó wá apààyàn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àjọ̀dún fíìmù Sundance fún un lẹ́bùn àkànṣe ní 2002, tẹlifíṣọ̀n gbogboògbò PBS fi í hàn káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti yunifásítì sì ń gbé e kiri.

Ṣé fíìmù náà mú kí pípa dúró?

Rárá. Wọ́n ṣì ń pa obìnrin ní Juárez lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, wọ́n rí òkú obìnrin mẹ́jọ nínú oko òwú kan níbẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta nínú wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, wọ́n gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì, èyí tó wà ní Kosta Ríkà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ilé ẹjọ́ náà dá Mẹ́síkò lẹ́bi pé kò dáàbò bo àwọn obìnrin náà, kò sì ṣe ìwádìí bó ṣe yẹ. Ní 2012, òfin àpapọ̀ Mẹ́síkò sọ pípa obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní orúkọ tirẹ̀.

Àwọn ìyá àti agbẹjọ́rò ló jà dé ibẹ̀, kì í ṣe fíìmù. Èyí tí fíìmù lè ṣe ni pé nígbà tí ìyá bá dé iwájú adájọ́ tàbí àlejò ilẹ̀ òkèèrè, kò ní jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ fún wọn pé Juárez wà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí àgọ́ ọlọ́pàá ti lé jáde.

Ta ló ń sanwó irú iṣẹ́ yìí?

Kì í ṣe àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn àjọ tó ń fowó ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ àti tẹlifíṣọ̀n gbogboògbò ló ń san apá tó pọ̀. PBS ní ètò kan tó ń jẹ́ P.O.V., tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 fún dọkumẹ́ńtárì àwọn olùdarí tó dá dúró. Ibẹ̀ ni Señorita Extraviada ti dé ilé èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ bíi Women Make Movies ní New York á máa ta á fún yunifásítì àti ilé ìkàwé. Ìwé ìbéèrè-fún-owó ń gba àkókò ju kámẹ́rà lọ, ó sì lè jẹ́ ọdún kan gbáko kí ìdáhùn tó dé.

Èwo ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Las Madres, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn, kò sì nílò ìmọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Ẹ wá wo Señorita Extraviada, ṣùgbọ́n kí ọmọdé má sí nídìí rẹ̀, torí bí òkú kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ohun tí àwọn obìnrin náà sọ le fún etí. El diablo nunca duerme ni kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wo méjì àkọ́kọ́ ló máa mọ rírì ìgboyà tó wà nínú kí èèyàn yí kámẹ́rà kan náà sí ẹbí rẹ̀. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ jù nínú wọn, Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún kíkà. Orúkọ wọn ní èdè Sípéènì ni kí ẹ fi wá wọn, torí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ wọn sí lè gbé yín lọ sí ibi tó yàtọ̀.